Ojú Àwọ̀n àti Òtítọ́ Ìlà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ǹjẹ́ àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò fi èrò ibi yà lè di irọ́ bí? Ẹ jẹ́ kí á fi ìlà kọ́ńtọ̀ wò ó.

Ìlà kọ́ńtọ̀ ni ìlà tí ó so gbogbo ibi tí iye wọn dọ́gba pọ̀. Ní ọdún 1701, Edmond Halley fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe máàpù òkun Àtìláńtíìkì, láti fi ìyàtọ̀ àríwá kọ́ńpáàsì sí àríwá gidi hàn. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń yà á. Kì í wo ibi gbogbo. Ńṣe ni ó ń da àwọ̀n bo ojú ìwé, tí ó ń ṣírò iye ní ìkòríta okùn nìkan, tí ó sì ń fojú bu èyí tí ó wà láàárín. Ẹni tí ó ń yàwòrán ni ó ń pinnu bí ojú àwọ̀n yóò ti fẹ̀ tó.

Ẹ mú x² + y² = 0.04. Òbírí ni, etí rẹ̀ fi 0.2 jìnnà sí àárín. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀ tó 1, tí ìkòríta kan sì bọ́ sí àárín gan-an, onígun mẹ́rin kékeré ni yóò jáde, tí ṣóńṣó rẹ̀ jìnnà ní 0.04 péré, nítorí kọ̀ǹpútà gbà pé bákan náà ni iye ń gòkè láti ìkòríta dé ìkòríta. Bí a bá sún àwọ̀n náà ní ìdajì ojú kan, òbírí yóò pòórá.

Àwọn kan yóò ní kí a sáà máa dín ojú àwọ̀n kù. Ṣùgbọ́n bí a bá dín in kù sí ìdajì, iṣẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kíkéré nìkan kò sì tó. Ìlà tààrà ni (x − y)² = 0, ṣùgbọ́n iye (x − y)² kì í lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Kọ̀ǹpútà tí ó ń wá ibi tí iye ti òkè òdo bọ́ sí ìsàlẹ̀ lè má rí i láéláé.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó yan ojú àwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ gíga ilẹ̀ ni ìlà náà ń sọ, kòtò tí ó bọ́ sí àárín ojú àwọ̀n kò ní sí lórí máàpù, omi kò sì ní tìtorí máàpù yẹra fún un.

Nítorí náà, ẹni tí ó yàwòrán láìdán àwọ̀n mìíràn wò ti gbé àìmọ̀ rẹ̀ wọ aṣọ ìmọ̀. Ojúṣe olùkọ́ ni láti yí ojú àwọ̀n padà, kí ó wò ó bóyá ìlà yóò yẹ̀, kí ó sì sọ ìwọ̀n tí ó lò fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ohun tí olùkọ́ bá yà sí ojú pátákó ni ọmọ yóò gbà ní òtítọ́.