Ẹsẹ Kẹjọ

Ẹ̀yin ará mi, ẹnu mi ò gba ọpẹ́ lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi. A ò rówó ilé-ìwé san mọ́, wọ́n dá àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sílé. Àwọn kan l'Ọ́jà'ba ń bi mí pé ṣé ẹran ni mo fẹ́ kí wọ́n máa dà ni. Èmi tí mo níwèé-ẹ̀rí tíṣà lọ́wọ́! Mo ra ṣọ́ọ̀kì, mo kun pátákó kan ní dúdú, mo sọ pálọ̀ wa ní Kúdẹ̀tì, n'Ibàdàn níbí, di kíláàsì. Ọmọ aládùúgbò márùn-ún bá wa dá sí i. Wọ́n di mẹ́jọ.

Ṣé nǹkan tuntun ni? Nígbà tí Anna Hinderer bá ọkọ rẹ̀ David, míṣọ́nnárì, dé Ìbàdàn lọ́dún 1853, inú ilé wọn ni Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ Olóyè Olúńlóyọ̀, ti kọ́ ABD. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, ebi sì wọlé tọ̀ wọ́n. Ìyá yìí ń ta ẹrù ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè jẹun! Ó di 1865 kí Captain Maxwell, tí Glover, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rán láti Èkó pé kó wá gbà wọ́n, tó la igbó kọjá, tó dé ẹnu ọ̀nà wọn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ. Ká sòótọ́, ara mi ni mò ń sọ ọ́ fún.

Ìwé ò tó wa, àkọ́sórí la gbọ́kàn lé. Sáàmù 121 ní ẹsẹ mẹ́jọ. Mo pín in látorí ẹ̀gbọ́n pátápátá dórí àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó gba ẹsẹ kẹjọ. Ojoojúmọ́ la máa ń kà á yípo.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ, òjò dé. Ha! Òjò wo nìyẹn! Àwọn ọmọ aládùúgbò ò lè lọ sílé. Omi dé kókósẹ̀, ó dé orúnkún. Mo rántí ìkún-omi Omíyalé ọdún 1980, àyà mi já. Mo kó wọn sórí tábìlì. Ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́, omi ti tì í pa. Àtùpà ṣubú. Òkùnkùn biribiri! Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Ojú mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo ké pé, “Sáàmù!” Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìkejì. Ìkẹta. Ó dé ìkeje.

Ẹsẹ kẹjọ ò jáde.

Mo fọwọ́ tá omi, n ò bá nǹkan kan. Mo ní, “Olúwa, bó bá jẹ́ pé ọmọ tèmi lo fẹ́ gbà, kí lo ṣe jẹ́ kí n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ rẹ?” Ẹ dárí jì mí, ẹnu ìyá ló sọ ọ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Láti ìta! Ohùn kékeré kan ń ka ẹsẹ kẹjọ, ó ń sunkún, ó ń kà á. Bàbá Onítáyà àdúgbò wa ló wà lójú fèrèsé, ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀, túùbù táyà mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ náà ti bọ́ sómi, ó rọ̀ mọ́ irin fèrèsé tó ti yẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá ti fà á jáde. Captain Maxwell tiwa kì í ṣe ọmọ ogun rárá, táyà ló ń lẹ̀! Orí túùbù yẹn ló ti kó gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan dé ọ̀nà òkè Mápó.

Ó lé ní 100 èèyàn tó kú n'Ibàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ka àwọn ọmọ mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Bẹẹrẹ títí ilẹ̀ fi mọ́: mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ. Ògo ni f'Ọ́lọ́run!

Bàbá Onítáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ bọ́ síwájú. Gbogbo ìjọ, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́. Ó yá, ẹsẹ kìn-ín-ní.