Bí Ọgbẹ́ Bá Kéré, Ṣé Ọ̀rọ̀ Náà Kéré?

Bí ẹnìkan bá dákú lójú wa, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni kí a di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kí a wò bóyá iṣan ibẹ̀ ń lù. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wà láyé lónìí tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń bá ẹbí wọn ṣeré, tí ó sì jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹ kò ní bá lílù kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń bá ọkàn wọn ṣiṣẹ́. Wọn a rán an mọ́ ṣóńṣó ọkàn ní apá òsì, yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ láti inú rẹ̀, yóò sì máa tì í sínú iṣan ńlá tí ó ń pín ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara. Wáyà kan yóò gba awọ ikùn jáde, bátìrì ni ó wà ní ìdí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ náà wọ inú ni ó máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Ayùn ni wọ́n fi ń la egungun àárín àyà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ti wà báyìí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Hannover, ní ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tí wọ́n mú un gbilẹ̀. Wọn a la ojú kékeré sí àárín egungun ìhà lápá òsì, wọn a tún la òmíràn sí òkè àyà tàbí sí apá ọ̀tún. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, pàápàá fún ẹni tí ó ń dúró de ọkàn ẹlòmíràn: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ la àyà rẹ̀, àpá tí ó lẹ̀ mọ́ra kò ní pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá dúpẹ́ fún èyí, aláìmoore ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni ohun tí ìrọ̀rùn yìí ń ṣe sí ẹnu aláìsàn. Nígbà tí ọgbẹ́ náà ṣì ń dẹ́rù bani, bí bàbá àgbàlagbà kan bá ní òun kò fẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sunkún, ṣùgbọ́n wọn kò ní dá a lẹ́bi. Nísinsìnyí wọ́n á ní, "Bàbá, wọn ò tilẹ̀ ní la egungun àyà yín mọ́. Kí lẹ tún ń rò?" Ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ilẹ̀kùn ni ó rọrùn sí i. Yàrá tí a ń wọ̀ ṣì wà bí ó ṣe wà.

Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HVAD. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i pé kí wọ́n máa gba ìhà gbé e wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn 144. Kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi dá títà rẹ̀ dúró, ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Àrùn rọpárọsẹ̀ àti ikú pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń lò ó ju ti àwọn tí wọ́n lo òmíràn lọ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí ó bá dúró, ó lè kọ̀ láti tún ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó ti wà nínú wọn ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n má kàn yọ ọ́, nítorí ewu tí ó wà nínú yíyọ.

Mi ò sọ pé kí a kọ ẹ̀rọ o. Nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001, lára àwọn tí àìsàn ọkàn wọn ti burú jáì, nǹkan bí 25 nínú 100 ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan pẹ̀lú oògùn nìkan. Ti àwọn tí wọ́n gba ẹ̀rọ jẹ́ 52. Pẹ̀lú HeartMate 3 tí ó dé lẹ́yìn, nǹkan bí 58 nínú 100 ni ó lo ọdún márùn-ún. Ẹni tí ó kọ̀ mọ ohun tí òun ń san. Ṣé ẹni tí ó gbà mọ̀? Wáyà náà kò gbọ́dọ̀ mu omi, nítorí náà lílúwẹ̀ẹ́ tán (ìwẹ̀ ọ̀ranyàn ńkọ́? Kí á tètè bi àwọn áfáà wa). Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì di ojoojúmọ́. Ẹnìkan nínú ilé gbọ́dọ̀ kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Èyí tí ó wúwo jù ni pípa á. Bí ọpọlọ bá ti lọ tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò pa á? Àwọn kan ní ìtọ́jú ni a dá dúró, àìsàn ni ó pa á. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ ti di ara ènìyàn, nítorí náà ìpànìyàn ni. Ọ̀dọ̀ àwọn àkọ́kọ́ ni ọkàn mi tẹ̀ sí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìyàwó tí ó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ìbéèrè yìí.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ọmọ bàbá yẹn, ọ̀rọ̀ wáyà ni màá kọ́kọ́ bá wọn sọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa tọ́jú wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n á fẹ́ kí a pa ẹ̀rọ náà, bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà. Bí wọ́n bá ti fèsì tán ni màá tó sọ fún wọn pé ọgbẹ́ rẹ̀ kò tóbi.