Ìyà Ojú Ọ̀nà Kì Í Ṣe Ìjọsìn

Láti Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn dé Mẹ́kà lé ní 4,000 kìlómítà, kódà bí kò bá sí òkè tàbí odò tí èèyàn ń yà fún lójú ọ̀nà. Kí bàálù tó dé, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń rìn ín. Wọ́n á gba ilẹ̀ Hausa dé Borno, wọ́n á kọjá sí Abéché ní Chad, wọ́n á la Darfur já dé Khartoum, kí wọ́n tó wọkọ̀ ní èbúté Suakin sọdá Òkun Pupa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni í gbà. Ẹni tó mọ pápá Òkè-Ògùn lásìkò ọyẹ́, nígbà tí koríko ti jóná tí odò kéékèèké sì ti gbẹ, lè fojú inú wo òùngbẹ irú ìrìn bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣálẹ̀ le ju pápá tiwa lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbà pé Háájì àwọn ará àtijọ́ wúwo ju tòní lọ, pé ìyà tí ara wọn jẹ ni owó tí wọ́n fi ra ẹ̀san. Èmi náà bọlá fún wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìyà ló sọ wọ́n di ẹni ọlá.

Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ nípa bàbá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń dì mú kó má baà ṣubú. Ànábì Muhammad béèrè ohun tó ṣe é, wọ́n ní ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò fẹsẹ̀ rìn dé Ilé Ọlọ́run. Ànábì kò yìn ín. Ó ní Ọlọ́run kò nílò ìyà tí bàbá yìí fi ń jẹ ara rẹ̀, ó sì ní kó gun ẹran. Àwọn ará Yemen kan wà pẹ̀lú tí wọ́n máa ń gbéra lọ sí Háájì láìmú oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n ní Ọlọ́run làwọn gbójú lé, bí wọ́n bá sì dé Mẹ́kà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ. Nítorí tiwọn ni wọ́n ní àṣẹ Àlùkùráánì fi sọ̀kalẹ̀ pé kí èèyàn pèsè sílẹ̀ fún ìrìn-àjò. Ẹ̀sìn tó bá ka ìnira sí ìjọsìn kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ń jìyà.

Àtakò kan wà tó lágbára. Ànábì kan náà sọ fún Àíṣà, aya rẹ̀, pé ẹ̀san Úmúrà (Háájì kékeré) tó ń ṣe yóò bá ìnáwó tàbí làálàá rẹ̀ mu. Ṣé kì í ṣe ìyà ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn? Rárá o. Làálàá tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ mú wá yàtọ̀ sí èyí tí èèyàn lọ ṣà kún un. Ẹni tó la Darfur já kò yan ebi. Bó bá ní ràkúnmí, ì bá gùn ún. Mẹ́kà ló yàn, òùngbẹ ló pàdé lọ́nà. Bàbá arúgbó ìjọ́sí ní tirẹ̀ rí ohun tó lè gùn, ó fi í sílẹ̀, ó sì di ẹrù sí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ìṣísẹ̀ méjèèjì jọra lójú, wọn ò jọra lọ́kàn.

Ẹ wo Sudan, níbi tí ẹ̀rí yìí ti hàn jù. Nígbà tí wọ́n sé odò Náílì Búlúù ní Sennar ní 1925 láti fi bomi rin oko owú Gezira, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò Háájì láti apá ọ̀dọ̀ wa di òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á já owú, wọ́n á tọ́jú owó, wọ́n á tún gbéra. Àwọn mìíràn kò gbéra mọ́ títí dòní. Àrọ́mọdọ́mọ wọn wà lára àwọn tí àwọn ará Sudan ń pè ní Fallata. Bó bá jẹ́ pé ìyà ni owó ẹ̀san, a jẹ́ pé ẹni tó kú sí Abéché san gbogbo rẹ̀ láìrí ọjà gbà, tí ẹni tó fò lọ láàárín wákàtí díẹ̀ sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí àlùfáà tó máa fara mọ́ èyí. Èrò ọkàn àti ìdúróṣinṣin ni wọ́n máa tọ́ka sí, ìwọ̀nyí gan-an ni mo sì ń rí lára ẹni tó ń já owú lóko olóko fún ọdún mélòó kan tí kò gbàgbé ibi tó ń lọ.

Mi ò sọ pé kí ara máa sinmi nìkan. Ní Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń lọ gbàdúrà lórí òkè ń gun àtẹ̀gùn 369, òógùn wọn kò sì jẹ́ asán: ó ń pa ariwo ọjà mọ́ wọn létí. Àmọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn tó gbàdúrà sí ìsàlẹ̀ òkè kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù lónìí ni owó. Ní 2025, owó Háájì fún àwọn ará gúúsù Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 8 náírà. Ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn tàbí àgbẹ̀ oníṣu ní Ṣakí lè fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn náà ìrìn gígùn ni, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ta oko kan ṣoṣo tó ń bọ́ ilé, wọ́n sì ń pe ebi tó tẹ̀ lé e ní ìfọkànsìn. Àlùkùráánì fi Háájì lé ẹni tó lágbára ọ̀nà rẹ̀ lọ́rùn, àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn sì ka oúnjẹ àwọn tó fi sílẹ̀ nílé mọ́ agbára náà. Ó yẹ kí àwọn ìmáàmù wa máa là á mọ́lẹ̀ lórí mínbárì kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká a pé Ọlọ́run kò bínú sí i.