Ta Ni Yóò Sọ Pé Ara Ti Yá?

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, oògùn yín ń ṣiṣẹ́. Máàkì 24 nínú 35 lẹ ní nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè méje wa. Ó ti di 21 báyìí.

BÀBÁ: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń jí tọ̀ lóru tẹ́lẹ̀. Ní àná, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ṣé ohun tí ẹ̀yin ará ọsibítù ń pè ní "ń ṣiṣẹ́" nìyẹn? Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi ń rà á o.

NỌ́Ọ̀SÌ: Tí mo bá ní "Ṣé ara ti le?", "A dúpẹ́" lẹ máa wí, ìbáà jẹ́ pé ẹ ò sùn mọ́jú. Ìdí tí àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fi gbé ìbéèrè wọ̀nyí jáde ní 1992 nìyẹn: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń jí, ṣé ìtọ̀ ń dá dúró kó tó tún ṣàn, ṣé ẹ ń fipá tì í jáde? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 5.

BÀBÁ: Òótọ́ ni. Ọlọ́run ni mo ń dá lóhùn pẹ̀lú "a dúpẹ́", kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ta ló ní máàkì mẹ́ta tó?

NỌ́Ọ̀SÌ: Àwọn aláìsàn fúnra wọn ni. Nínú ìwádìí kan ní 1995, àwọn tí pròsítéètì wọn wú bíi tiyín tí wọ́n ní ara àwọn yá díẹ̀, máàkì wọn fi bíi 3 wálẹ̀.

BÀBÁ: Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 10 àti èmi tó bẹ̀rẹ̀ láti 24, bákan náà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá. Ẹni tó bá ju 20 lọ níbẹ̀rẹ̀, ó tó bíi 6 kí òun náà tó sọ bẹ́ẹ̀.

BÀBÁ: O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì ní oògùn ń ṣiṣẹ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì ni, Bàbá. Ẹni tó bá ní ìrètí ló ń lo oògùn déédéé. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn náà sì lè ṣini lọ́nà: àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú pàápàá máa ń ní ara àwọn fúyẹ́.

BÀBÁ: Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí o sọ òótọ́ fún mi. Tí o bá ní ó ń ṣiṣẹ́, màá gbà pé ibi tí ìtọ́jú lè gbé mi dé nìyí. N kò ní béèrè òmíràn. Ìwọ ń dáàbò bo ọkàn mi, oorun mi lo sì ń gbà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kẹjọ ṣì kù, kò sí nínú 35 yẹn: bó bá jẹ́ pé báyìí lẹ máa wà títí ọjọ́ ayé yín, báwo ló ṣe máa rí lára yín? Láti 0, "inú mi á dùn gan-an", dé 6, "á burú jáì".

BÀBÁ: Kọ 5.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti kọ ọ́. Oògùn yìí kò tíì ṣe tó fún yín, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni màá sì sọ fún dókítà.