Ẹ̀dà Tó Gbọ́ràn Jù

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi. Nínú ẹ̀dà méjì, èwo ló jẹ́ olóòótọ́ sí wa? Ṣé èyí tó ń ṣe gbogbo ohun tí a bá ṣe ni, àbí èyí tó dúró síbi tí a fi í sí lánàá tí kò mì? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń tọ́jú fáìlì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í sójú kan. Yóò so dísíìkì méjì pọ̀, tàbí sáfà méjì tó jìnnà síra wọn, kí ohun tí a bá kọ sórí èkíní máa hàn lórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Ó dára o. Bí èkíní bá jóná, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí òjìji ni ẹ̀dà yìí rí: ọ̀gá rẹ̀ rìn, ó rìn, ọ̀gá rẹ̀ já sí kòtò, òun náà ti wà níbẹ̀. Ẹ pa fáìlì rẹ́ lórí èkíní, yóò ti rẹ́ lórí èkejì kí ẹ tó ké "yéè!" Kò ní bi yín bóyá ó dá yín lójú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitLab, iléeṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, sáfà kejì wọn kò bá èkíní mu mọ́. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ nu ohun tó kù lórí èkejì kí ó lè tún un dà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí èkíní ló ti lọ pàṣẹ náà. Kíá ló ti fura, ó dá a dúró, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 300 GB, 4.5 GB péré ló ṣẹ́ kù. Wọ́n ní kò burú, ṣebí ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà? Kò sí ọ̀kan tó dáhùn bó ṣe yẹ. Èyí tó yẹ kó máa lọ lójoojúmọ́ ti ń kùnà láìpariwo. Íméèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn ńkọ́? Wọn ò gbà á wọlé. Ibi tí wọ́n rò pé ẹ̀dà kún sí, òfìfo ni.

Ohun tó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún ìdánwò lásán. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Kò mọ ohunkóhun nípa wákàtí mẹ́fà yẹn, àìmọ̀ rẹ̀ ló sì mú kó wúlò. (Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, wọn ò dárúkọ òṣìṣẹ́ náà. Ìyẹn wú mi lórí.)

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Pixar lọ́dún 1998, nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Toy Story 2. Àṣẹ kan pa ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ náà rẹ́, ẹ̀dà àpamọ́ wọn ò sì ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà nílé Galyn Susman, tó bímọ tuntun tó sì ń ti ilé ṣiṣẹ́, ló kó wọn yọ.

Nítorí náà, mo ti fara mọ́ alágídí. Ẹ̀dà tó ń tẹ̀ lé wa ní gbogbo ìṣísẹ̀ kò lè gbà wá lọ́wọ́ ara wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka ìmọ̀ òfin ní kí n dúró ná. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́ ńkọ́? Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò: akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí wọ́n sì dá láre, kí ẹ̀sùn náà ṣì wà lórí téèpù nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan. Àgídí tí mo ń yìn yẹn náà ló ń dì í mú.

Ó sì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. A lè dá ọjọ́ tí ẹ̀dà yóò parí fún un, ṣùgbọ́n tí a bá da ẹ̀dà náà kọ, ẹ̀dà kejì lè ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, tí wọ́n dá fáìlì padà láti orí téèpù àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí a ti pa rẹ́ á tún jí dìde, àfi tí ẹnì kan bá ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó yẹ kó rẹ́. Ẹ ò rí nǹkan? Kí wọ́n tó lè gbàgbé ẹ, wọ́n ní láti kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ pé ìwọ ni kí wọ́n gbàgbé.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ò tíì yanjú ẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, alágídí ni màá mú, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ọjọ́ fún un, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sì mọ ọjọ́ náà.