Ìwòrì Méjì àti Ẹbí Tí Ó Ń Lọ Gun Òkè Ìdànrè

Nígbà tí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti Àbújá, àti àwọn tí ó la òkun kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, bá ń tò wọlé sí Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà ilé kì í yé béèrè: ta ni ó rán àwọn ọmọ yìí níṣẹ́ pé, nígbà tí wọ́n ti rí ilé dé, tí iyán ń bẹ, tí ẹran ń bẹ, kí wọ́n tún kó ara wọn sínú bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kejì ọdún, kí wọ́n lọ fi oòrùn pa ara wọn lórí Òkè Ìdànrè? Àjò ni wọ́n ti dé. Kí ni wọ́n tún ń wá àjò lọ sí? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ó yẹ kí a ti wá ìdáhùn rẹ̀, nígbà tí odù Ifá tí à ń pè ní Ìwòrì Méjì ti sọ̀rọ̀ baba kan, àwọn ọmọ rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n péjọ ṣe.

Ọ̀rúnmìlà ni baba náà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, Òkìtìbìrí a-pa-ọjọ́-ikú-dà. Ọmọ mẹ́jọ ni ó bí, gbogbo wọn ni ó sì joyè: Alárá wà nínú wọn, Ajerò wà nínú wọn, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Baba ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n dé. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wólẹ̀, tí wọ́n kí i ní àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Ó kan Ọlọ́wọ̀, Ọlọ́wọ̀ dúró gangan. Ó ní bí aṣọ iyì ti wà lára baba ni ó wà lára òun, adé wà lórí baba, adé wà lórí òun, òun kò sì gbọ́ pé aládé ń forí balẹ̀ fún aládé. Inú bí baba, ó já ọ̀pá oyè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba òde ọ̀run lọ. Ilé ayé dàrú: odò gbẹ, iṣu kò ta, aboyún kò rí ọmọ bí. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ tó kó ara wọn jọ, tí wọ́n rìn títí wọ́n fi bá baba nídìí ọ̀pẹ kan tí ó yà sí orí mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń túmọ̀ ẹsẹ yìí a máa dúró sí orí ìwà ọ̀yájú Ọlọ́wọ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. (Kí Kábíyèsí Ọlọ́wọ̀ má bínú o, ti inú ẹsẹ ni à ń wí, èmi kò sì tíì rí ẹbí kan tí kò ní tirẹ̀.) Ohun tí ó ń mú mi lọ́kàn ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ àti ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti wáyé. Inú ilé ni ó ti bàjẹ́, níbi tí olúkúlùkù ti mọ àga rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wáyé lẹ́yìn ìrìn gígùn, nídìí igi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní àga.

Ẹ wo ilé wa nígbà ọdún. Ẹ̀gbọ́n tí ó kọ́lé jókòó síbi kan, àbúrò tí ó ti òkè òkun dé jókòó síbi kejì, ìyàwó ilé ń ka iye ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ìdí ìkòkò, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jáde nínú yàrá. Ẹ̀rín ń bẹ o, ṣùgbọ́n adìẹ bà lókùn ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí kan náà bá dé ẹsẹ̀ òkè ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni yóò kọ́kọ́ kí wọn, àtẹ̀gùn náà kò sì béèrè ẹni tí ó kọ́lé. Ibi ìsinmi márùn-ún ni wọ́n ṣe sójú ọ̀nà, níbẹ̀ ni mo sì ti máa ń rí ohun tí ilé kò jẹ́ kí n rí: ọ̀gá ńlá tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń fà á lọ́wọ́ gòkè. Lókè pátápátá, ìlú àtijọ́ ń bẹ, pẹ̀lú ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé, tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ ní 1923 tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lójúde ààfin tí ọba ti sọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó ṣòro kí ó máa rántí adé tirẹ̀.

N kò sọ pé òkè gígun ń tún ohun gbogbo ṣe. Ọ̀rúnmìlà kò bá àwọn ọmọ padà sílé. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n tẹ́ ọwọ́, ó sì kó ikin mẹ́rìndínlógún fún wọn kí wọ́n máa fi bi òun. Bí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá fẹ́ pín in bí ogún, méjì-méjì ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kò sì tíì rí babaláwo tí ó fi ikin méjì dá Ifá.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tí ó bá bi mí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí olówó kan ṣoṣo san owó bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá dá a san, adé ni ó gbé gun òkè. Kí wọ́n dá a jọ, ìbáà ṣe kékeré. Kí ẹni tí kò ní gbé omi tàbí ọsàn dání. Ìyá àgbà tí orúnkún kò sì jẹ́ kí ó gùn, kí wọ́n tẹ́ ẹní fún un nínú ibòji nísàlẹ̀, kí gbogbo wọn jọ lọ kí i pọ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ̀, aládé àti aláìládé.