Ìká Òfún àti Ìròyìn Ìyanu

Kò sí òwúrọ̀ tí ilẹ̀ mọ́ bá ènìyàn lóde òní tí ìròyìn ìyanu kan kò ti jí ṣáájú rẹ̀: lónìí, wọ́n ti rí oògùn tí kò ní jẹ́ kí arúgbó hu ewú mọ́, lọ́la, bátìrì kan ti dé tí a ó fi iná sí fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí yóò sì lo oṣù méjì, lọ́tùn-únla, ẹ̀rọ kan ti ń ronú ju ẹni tí ó ṣe é lọ. Ẹgbẹ́ kan ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ké háà, wọ́n ń káwọ́ lérí. Ẹgbẹ́ kejì ń kà á, wọ́n ń yínmú, wọ́n ń fi oníròyìn àti onímọ̀ ṣe ẹlẹ́yà pọ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ kí a bi àgbà ni pé, nínú ẹni tí ń ké háà àti ẹni tí ń yínmú, èwo ni ọlọ́gbọ́n?

Bí a bá gbé ìbéèrè yìí ka iwájú Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, Akéréfinúṣọgbọ́n, ọ̀pìtàn Ifẹ̀ tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ẹnu, odù tí mo gbà pé yóò fi dáni lóhùn ni Ìká Òfún. Nínú ẹsẹ kan tí àwọn babaláwo mọ̀ bí ẹní mowó nínú odù yìí, àwọn ìrúnmọlẹ̀ ń ti òde ọ̀run bọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn yóò pẹ́ láyé tó bí Olódùmarè ti pa á láṣẹ. A ka èèwọ̀ mẹ́rìndínlógún sí wọn létí. A ní kí ẹnikẹ́ni má pe èsúrú ní èsùrú. Kí ẹnikẹ́ni má rí òòdẹ̀, ìyẹn àdán, kí ó ní odídẹ́ ni. Kí a má já ewé oríro kí a sọ pé ti ìrókò ni. A ní kí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ má bá òmùwẹ̀ jáde lọ sódò. A kọ̀ fún wọn láti gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. A kọ̀ fún wọn láti tọ̀ sínú àfò tí a ti ń ṣe epo. Bẹ́ẹ̀ ni a ń kà á lọ títí iye rẹ̀ fi pé. Nígbà tí wọ́n dé Ifẹ̀ tán, ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe náà gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì figbe ta pé Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní kì í ṣe òun. Ó ní èèwọ̀ tí wọn kò pa mọ́ ni ó ń pa wọ́n.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé Ifá kò fi olè jíjà ṣáájú nínú èèwọ̀ wọ̀nyí, kò sì fi gbígba obìnrin ọ̀rẹ́ ẹni ṣáájú, bí ó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ni ó fi ṣáájú. Kò sì mú ohun méjì tí kò jọra rárá, nítorí kò sí òmùgọ̀ tí yóò rí erin tí yóò pè é ní ewúrẹ́. Èyí tí ó jọra létí tàbí lójú ni ó mú, nítorí ibi ìjọra ni irọ́ máa ń ba sí. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé odù yìí ti mọ àwọn oníròyìn ìyanu kí a tó bí wọn: oníròyìn ìyanu kì í sábà dá irọ́ sílẹ̀ látòkèdélẹ̀, ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó máa ń mú, tí yóò wá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é.

Lóòótọ́, a ti rí èyí tí ó jẹ́ irọ́ gbuu rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1835, ìwé ìròyìn Sun ti ìlú New York tẹ ọ̀rọ̀ jáde léraléra pé John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ tí ó wà ní ìhà gúúsù Áfíríkà nígbà náà, ti fi awò ńlá rí àwọn ènìyàn tí ó ní apá bí àdán tí wọ́n ń fò kiri nínú òṣùpá. Òótọ́ ni pé Herschel wà níbẹ̀, òótọ́ ni pé ó ní awò. Àwọn alápá-àdán nìkan ni kò sí. Ẹni tí ó bá rò pé èèwọ̀ òòdẹ̀ kò kan òyìnbó, kí ó tún un rò.

Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin, tí ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 15 lọ, gbé ẹ̀rọ kan wá síbi ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó. Wọ́n da ìtọ̀ sínú ohun èlò kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Iná náà ya háídírójìn kúrò lára ìtọ̀. Wọ́n sẹ́ ẹ nínú omi, wọ́n fi bóráàsì olómi gba ọ̀rinrin ara rẹ̀, wọ́n sì tì í wọ inú jẹnẹrétọ̀. Ká má purọ́, iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi àtẹ́wọ́ yẹ́ ọmọ ilé-ìwé sí ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn káàkiri ayé pé lítà ìtọ̀ kan ṣoṣo ń fúnni ní iná fún wákàtí 6, pé ìtọ̀ ti di epo. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ìjọba máa ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, ta ni kò ní gbọ́ irú ìròyìn yìí kí ó má wo ilé ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Onílé tí ayálégbé rẹ̀ pọ̀ yóò ti rò pé kànga epo ni òun ń gbà lówó ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣírò kì í ṣe ojúsàájú. Ohun tí agbára wà nínú rẹ̀ nínú ìtọ̀ ni yúríà, èyí tí ó máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 20 nínú lítà kan. Bí a bá lè fún gbogbo agbára inú gíráàmù 20 náà jáde láìku ẹyọ kan, gílóòbù kan tí kò ju wáàtì 10 lọ ni yóò tàn fún wákàtí 6 yẹn, kí jẹnẹrétọ̀ tó gba tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì ń gba púpọ̀ ju ìlàjì lọ. Iná tí a kọ́kọ́ fi ya háídírójìn kúrò lára ìtọ̀ ńkọ́? Ibìkan ni a ti gbé e wá, ṣùgbọ́n ìròyìn kò kà á mọ́ ọn. Èyí kò sọ pé asán ni iṣẹ́ náà: ní 2009, Gerardine Botte àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ohio fi hàn pé yíyọ háídírójìn lára yúríà inú ìtọ̀ ń fẹ́ iná tí ó kéré gan-an sí ti omi lásán, ó sì lè wúlò fún ẹni tí ó ń tún omi ìdọ̀tí ṣe. Ẹ̀rọ tí ń fi iná yọ háídírójìn láti inú ìtọ̀ ni àwọn ọmọ náà ṣe. Ẹ̀rọ tí ìtọ̀ ń bọ́ ni àkọlé ìròyìn pè é. Ifá kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú àfò. Kò kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ̀ sí i, kí ó má pe ìtọ̀ ní epo.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ èsúrú yàtọ̀ sí èsùrú, nígbà tí ohùn lásán ni ó ya orúkọ wọn? Ifá kò fi èyí sílẹ̀ fún ojú àti etí nìkan. Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ babaláwo rí mọ̀ pé kì í ṣe etí awo ni a ń sọ ohun tí a bá wá sí. Owó ni a ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́, kí awo má baà fi inú ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbò yóò jáde, owó ẹyọ fún ire, egungun fún ibi. Ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò yóò pa ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, awo kò ní mọ èyí tí ó wà lọ́tùn-ún, kò ní mọ èyí tí ó wà lósì, Ifá ni yóò mú ọwọ́. Àwọn baba wa kò gbé ètò yìí kalẹ̀ nítorí pé wọ́n ka babaláwo sí òpùrọ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé olóòótọ́ pàápàá máa ń rí ohun tí ó ń fẹ́ rí.

Ìbò yìí náà ni ó gba aráyé lọ́wọ́ ìtànṣán N. Ní 1903, René Blondlot, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lórúkọ ní ìlú Nancy nílẹ̀ Faransé, kéde pé òun ti rí ìtànṣán tuntun kan tí ń mú kí ìmọ́lẹ̀ bàìbàì túbọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ sọ fún un ni ó sọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní Faransé náà wò ó, wọ́n ní àwọn rí i. Àwọn tí ó wà lókè òkun wò ó títí, wọn kò rí nǹkan kan. Ní 1904, Robert Wood, onímọ̀ físíìsì láti Amẹ́ríkà, lọ sí Nancy láti fojú ara rẹ̀ rí i. Bí wọ́n ti wà nínú òkùnkùn, tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń ka ibi tí ìtànṣán bọ́ sí, Wood na ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó yọ alumíníọ̀mù onígun mẹ́ta tí wọ́n ní ó ń pín ìtànṣán náà kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀. Ó ń ka iye rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìbò ti bọ́ lọ́wọ́, awo ṣì ń kì. Nígbà tí Wood kọ ohun tí ó rí sínú ìwé Nature lọ́dún náà, ìtànṣán N kú, kò sì jí mọ́.

Ọ̀nà kan tún wà tí a fi ń ba ìbò jẹ́: kí a máa da ọ̀pẹ̀lẹ̀ títí ire yóò fi bọ́. Ní 2015, John Bohannon, oníròyìn sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn kan ní Jámánì mọ̀ọ́mọ̀ dẹ irú pàkúté bẹ́ẹ̀: wọ́n fún àwọn kan ní ṣokoléètì jẹ, wọ́n wọn ohun 18 lára ènìyàn 15 péré, bí ọ̀kan nínú 18 náà sì ti ṣèèṣì bọ́ síbi tí ó dùn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ṣokoléètì ń mú kí ènìyàn tètè fọn. Ìwé ìròyìn Bild gbé e, àwọn mìíràn gbé e, kò sí ẹni tí ó béèrè iye ìgbà tí a da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú kò gbọdọ̀ bínú bí kòtò bá gbà á.

Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ àwọn ayínmú yóò ti máa mira, wọn yóò ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n dúró ná. Ní 13 oṣù kìíní ọdún 1920, New York Times fi ọ̀rọ̀ olóòtú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Goddard, nítorí ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì lè dé òṣùpá. Ìwé ìròyìn náà ní rọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè rìn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò tì, pé ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé girama ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ti afẹ́fẹ́; èéfín tí ó ń tu sẹ́yìn ni ó ń tì í síwájú. Goddard kú ní 1945. Ní 17 oṣù keje ọdún 1969, ọjọ́ kejì tí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, ìwé ìròyìn náà wá kọ ọ́ pé àwọn kábàámọ̀ àṣìṣe àwọn. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ ni ó bá òmùwẹ̀ dé odò, tí ó sì dúró létí bèbè tí ó ń kọ́ ọ ní lílúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó pe odídẹ́ ní òòdẹ̀ kò sàn ju ẹni tí ó pe òòdẹ̀ ní odídẹ́ lọ. Èèwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ.

Èyí tí ó dùn mí jù ni igbe tí ó máa ń tẹ̀lé àṣìṣe tí a jẹ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn onímọ̀ tí à ń pè ní OPERA sọ pé wóró bíńtín kan tí ń jẹ́ neutrino, tí a rán láti CERN, ibùdó ìwádìí kan nítòsí Geneva, lọ sí abẹ́ òkè Gran Sasso nílẹ̀ Ítálì, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 730, fi ìdá 60 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣáájú bí ìmọ́lẹ̀ ì bá ṣe dé. Àkọlé ìròyìn ti ń gbẹ́ ilẹ̀ de Einstein, ẹni tí ó ní kò sí ohun tí ó lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn ni wọ́n na ìbò síta, tí wọ́n ní kí ayé bá àwọn wá ibi tí àṣìṣe wà. Ní 2012 a sì rí i pé wáyà kan ni kò wọlé dáadáa. Lọ́jọ́ tí èyí hàn, àwọn kan ní, ẹ ò rí i, irọ́ ni gbogbo sáyẹ́ǹsì. Igbe àwọn ìrúnmọlẹ̀ ní Ifẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ wáyà ni wọ́n ń bú. Ẹni tí ó pe òòdẹ̀ ní odídẹ́ lójú ìwé kìíní ń lọ ní tirẹ̀, ó ń wá òòdẹ̀ mìíràn.

Ìdáhùn Ìká Òfún sí ìbéèrè wa ni pé kì í ṣe háà ni ọgbọ́n, kì í ṣe imú yínyín. Mímọ orúkọ ni ọgbọ́n. Ẹ̀rín kò sí nínú èèwọ̀ mẹ́rìndínlógún náà, nítorí náà kí a máa rín in, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín ti béèrè ìbò kí ó tó la ẹnu. Ẹbọ rẹ̀ kò wọ́n: kí olùkàwé béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kí ó tó yọ̀ sí ohun tí ó ń pọ̀, kí ó béèrè ẹni tí ó pa ìbò mọ́, àti iye ìgbà tí a dà á. Bí ìròyìn bá dákẹ́ lórí gbogbo èyí, kí ó gbé e sí àjà fún oṣù mẹ́fà. Èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀. Ìyókù yóò ti lọ bá àwọn alápá-àdán nínú òṣùpá.